Òṣómàáló ní Yàrá Kẹrin

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé búráúsà tuntun dé Iléṣà.
Ọmọ Àbújá méjì, wáyà lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀,
wọ́n ń lọ láti tábìlì dé tábìlì,
láti ọ́fíìsì Ìsọ̀nà dé ti Ìmọ̀.
Wọ́n pa ti àtijọ́ rẹ́,
wọn ò tilẹ̀ bi í léèrè ọdún tó fi sìn.

Ọ̀gbẹ́ni Fáfowórà ń wò wọ́n.
Ọdún mọ́kànlá ni ìka rẹ̀ ti mọ ibi tí yóò tẹ̀
bí ẹsẹ̀ onílé ṣe mọ ìloro nínú òkùnkùn.
Ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ ńkọ́?
“Bàbá, ẹ ò kọ ọ́ síbì kan ni?”
Ó kọ ọ́ o.
Inú èyí tí ẹ pa rẹ́ ló kọ ọ́ sí.

Màmá Ìbíwùmí ti dé láti Ìbòkun,
tíṣà àná, owó ìfẹ̀yìntì oṣù mẹ́rin lọ́rùn ìjọba.
Wọ́n ní kó padà wá lọ́la, ojú-ewé kò tíì ṣí.
Màmá ká ìró, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà.
“Ọmọ ta lẹ rò pé mo jẹ́?
Bàbá mi lóṣòó gba owó aṣọ n'Ílá,
òjò pa á, kò dìde.
Òṣó lèmi náà máa ló.”

Òrùka kékeré kan ń yí lójú kọ̀ǹpútà,
ó ń yí, ó ń yí.
Fáfowórà ń wò ó. Màmá ń wo Fáfowórà.
Aago mẹ́rin ku díẹ̀, wọ́n mú iná lọ.

Ọmọ Àbújá kan gbé àga wá.
Màmá ní rárá.