Tẹ̀ Ẹ́, Kí N Wò Ó

Owó ni mo ń kà ní báńkì, ọdún mọ́kànlá,
kí wọ́n tó ní ká máa lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, àwa mẹ́rìndínlógún.
Ìka mi ṣì ń ṣí owó tí kò sí
nígbà tí mo wọ ilé iṣẹ́ Tanimu ní Kakuri,
níwájú ilé ìhunṣọ tí koríko ti gbà lọ́wọ́ olówó rẹ̀.
Wọ́n ń gé irin. Ọ̀dà ń rùn.
"Bayarabiya," ó ní, "ṣé o mọ súìṣì?"
Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Èyí tó wà lára ògiri ni mo ń rò,
tí a fi ń pa iná yàrá ká tó sùn.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń kàn níbẹ̀ ga jù mí lọ:
àpótí irin onílẹ̀kùn mẹ́rin,
ọ̀pá bàbà mẹ́ta nínú rẹ̀,
pupa, yẹ́lò, búlúù,
orogún mẹ́ta tí ń jẹun lọ́wọ́ ọkọ kan náà
tí etí aṣọ wọn kò gbọdọ̀ kanra.
Fi àyè sílẹ̀. Fi àyè sílẹ̀.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mi bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ.
Bàbà yìí kò mọ bàbá ẹnì kankan.
Ó wá ku ilẹ̀, èyí tí kì í ru nǹkan kan lọ́jọ́ ire.
N kò nílò olùkọ́ fún ìyẹn.
Lọ́dọ̀ wa l'Ómù-Àrán, ẹni tó bá da ilẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ.
Mo so ilẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, mo so ó mọ́ òrùlé àpótí.

Bírékà ńlá lókè, kéékèèké nísàlẹ̀.
Bí ìjà bá dé yàrá ọmọ, ọmọ ni kó kọ́kọ́ dìde;
bí baálé bá fò dìde ṣáájú,
gbogbo agbo ilé wọ òkùnkùn.
Mo gbé e kodò nígbà àkọ́kọ́.
Ladi onísípánà ló rí i, kò sọ fún ọ̀gá.
Ó kàn fi èékánná họ orí ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lóṣù kẹta wọ́n fún mi ní tèmi,
ti ilé ìwòsàn kan lọ́nà Zaria.
Mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án yà á.
Àwọn ìlà mi tọ́ bí irun kojúsọ́kọ.
Tanimu wò ó, kò sọ̀rọ̀.
Ó jáde, ó gbé gígé okùn iná kan wọlé
tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ mi, tí kò gùn ju apá lọ.
Ó fi lé mi lọ́wọ́: "Tẹ̀ ẹ́, kí n wò ó."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo fi orúnkún tì í.
Òógùn bò mí nínú ọyẹ́.
Okùn ń wò mí bí àgbà tí ọmọdé ń fà létí.
Lórí ìwé, mo ti yí i bí òwú ìránṣọ
ní àyè tí kò gba àtẹ́lẹwọ́ méjì.
Adìẹ bà lókùn: mo mọ òwe náà láti kékeré,
adìẹ nìkan ni mo máa ń káàánú.

Mo pa ọjọ́ mẹ́sàn-án rẹ́.
Mo gbé ìsàlẹ̀ àpótí sókè.
Mo bèèrè ìbú yàrá tí wọn yóò gbé e sí
(ilẹ̀kùn náà ì bá ṣí lu ògiri, n kò tilẹ̀ rò ó).
Ladi ní eruku ọyẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé,
a bá fi rọ́bà yí gbogbo etí rẹ̀ ká.

Ọkọ̀ gbé e lọ lọ́jọ́ Alàmísì.
N kò bá wọn débẹ̀. N kò rí ìgbà tí iná wọ̀ ọ́.
Ní báńkì, bí iṣẹ́ bá pé, ẹnì kan á fọwọ́ sí i.
Mo bi Tanimu: báwo ni mo ṣe máa mọ̀?
"Ẹnikẹ́ni ò ní pè ọ́," ló sọ, ó sì padà sídìí irin rẹ̀.

Ó di ọjọ́ mẹ́rìnlélógún lónìí.
Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi, ó dákẹ́.
Mo ṣì ń gbé e wò.