Isó Inú Ẹ̀kú

Veikko jókòó sórí pẹpẹ òkè nínú sàúnà,
ìhòòhò goloto, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta,
ikùn rẹ̀ sùn lé itan bí ológbò.
Ó bu omi sórí òkúta gbígbóná. Òkúta ní ṣàáà.
Ó ní, "Orvokki, mo ti ba ayé mi jẹ́."
Mo ní, "Èwo nínú rẹ̀?"

Ó ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni.
Jalmari onírùngbọ̀n, tó ń tún ohùn dùùrù ṣe,
gun àkàsọ̀ àjà mẹ́rin wá jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà lọ́dọ̀ òun.
"Ẹ̀wà kẹ̀, Veikko? Ẹ̀wà, níjọ́ àkọ́kọ́?"
"Ọjọ́bọ̀ ni! Kí ni gbogbo Finlandi ń jẹ ní Ọjọ́bọ̀?"
Ẹnu mi wọhò.

Wọ́n jẹun tán. Wọ́n gbọ́ rédíò díẹ̀.
Jalmari bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀
(ẹni tó bá bọ́ ìgò ojú báyẹn ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe),
ó tẹ̀ síwájú.
Ó ku ìwọ̀n ìka kan kí ẹnu kan ẹnu
ni ìdí Veikko bá dá sí ọ̀rọ̀.

Kì í ṣe fììì, irú èyí tí ènìyàn lè fi purọ́ mọ́ àga.
Ó ní ó gùn. Ó ní ó sinmi lágbedeméjì,
ó sì tún bẹ̀rẹ̀.
Ajá ilé kejì gbó.

"Kí ni Jalmari wí?"
"Ó tẹ́ etí sílẹ̀. Ó ní ohùn fà ni,
ṣùgbọ́n ó fi díẹ̀ lọ sílẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín.
Láti ọdún mẹ́ta wá, àpò ìtọ̀ mi kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀ níwájú Sirkka, òrùka lọ́wọ́,
pé kó jẹ́ ká ṣègbéyàwó, mo sín.
Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kápẹ́ẹ̀tì rin.
Sirkka ní, "Ṣé omijé ayọ̀ nìyí?"
Mo ní òun ni, ọ̀nà tó gbà jáde ló yàtọ̀.

Èmi àti Veikko náà ti lo òrùka rí.
Ọdún méjì gbáko, nítorí ojú àwọn òbí,
àfẹ́sọ́nà lọ́sàn-án, lálẹ́ a ó máa ka orúkọ
ẹni tó wu kálukú wa fún ara wa.
A dán ìfẹnukonu wò lẹ́ẹ̀kan.
Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń lá sítáǹpù.
Bàbá mi ti gé igi mẹ́tàlélógún
fún ilé tí a kò ní kọ́.

Wọ́n ní isó inú ẹ̀kú, àmúmọ́ra ni.
A mú un mọ́ra, títí tó fi ń ta wá lójú.
Veikko ló kọ́kọ́ ṣí ẹ̀kú, nídìí oúnjẹ,
eegun ẹja ṣì wà lẹ́nu rẹ̀:
"Bàbá, ọkùnrin ni mo ń fẹ́. Orvokki náà, obìnrin ni."
Bàbá jẹ ànàmọ́ méjì.
Ó mu wàrà.
Ó ní, "Igi ńkọ́?"

Igi náà la jókòó lé yìí.

"Jalmari dà? Ṣé ó sá lọ ni?"
Veikko nu òógùn ojú.
"Ó fọ abọ́. Ó ṣí fèrèsé, díẹ̀ báyìí.
Ó lóun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."
"Kí lẹ máa jẹ?"
"Ó ní . . ." ohùn rẹ̀ há sọ́fun,
"ó ní kí n se ẹ̀wà,
òun fẹ́ gbọ́ bóyá ohùn náà ti gun òkè."

Ó parí. Mo dì mọ́ ògiri, mo pa itan pọ̀,
ẹ̀pa ò bóró mọ́.
Veikko kò wo ìsàlẹ̀.
Ó bu omi míì sórí òkúta, ó ní,
"Fi í sílẹ̀. Igi Bàbá rẹ ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ."