Orí Oníke

Orí kan wà ní yàrá iṣẹ́ wa ní Oulu,
kò lójú, kò lẹ́nu, etí méjì péré ló ní,
torí ọ̀dọ̀ etí niṣẹ́ wa mọ.
Láàárọ̀ mo máa ń po omi, iyọ̀ àti ṣúgà,
mo máa ń rò ó títí ṣúgà yóò fi yọ́,
n ó wá dà á sínú agbárí náà:
bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ṣe ń gba ìtànṣán mọ́ra, ìwé òfin ló wí.
Lóde, òkun ti dì. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń gun kẹ̀kẹ́ lórí yìnyín.

A fi fóònù tuntun ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ike.
Apá irin nawọ́, ó ki abẹ́rẹ́ bọ inú omi,
ó ń wá ibi tó gbóná jù
bí ìyá ṣe ń fọwọ́ wá ibà lọ́rùn ọmọ.
Nọ́ńbà yọ. Kò kọjá ààlà.
Mo buwọ́ lù ú: Tuulikki Kemppainen.
Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń buwọ́ lù ú.
“Kò kọjá ààlà” ni mo ń buwọ́ lù.
Èmi ò buwọ́ lu “kò sí nǹkan kan” rí.
Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀.

Armas, bàbá ọkọ mi, gbọ́ ọ.
Ó ta ilé rẹ̀ nígbà tí wọ́n ri òpó sẹ́yìn ilé panápaná.
Ó ní orí òun ń kùn bí ilé oyin,
ó ní oorun ti kọ òun sílẹ̀.
Ó kó lọ sínú igbó Kainuu, sínú ahéré onípákó,
ó fi bébà fàdákà tí à ń fi wé ẹja lẹ ògiri yí ká.
Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó pa fóònù rẹ̀,
kó sọ ọ́ sínú agolo kọfí tó wà lórí kùkùté.

Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ti ya àwòrán orí rẹ̀.
Ní Helsinki, wọ́n gbé e jókòó sí yàrá tí kò ní fèrèsé:
wọ́n tan ẹ̀rọ, wọ́n pa á, wọn ò sọ èyí tí wọ́n ṣe fún un.
Ìgbà tí wọ́n pa á ni orí fọ́ ọ.
Ìgbà tí wọ́n tàn án, ó ní ara tu òun.
Wọ́n fi ìwé hàn án. Ó kà á, ó ká a padà.
“Ẹ̀rọ yín kò purọ́,” ó ní. “Èmi náà kò purọ́.”

Mo mọ̀ pé oṣù tí wọ́n ri òpó yẹn ni Helvi, aya rẹ̀, kú.
Fóònù ni wọ́n fi pè é láti ọsibítù, lóru,
ó gbé e mọ́ etí títí ilẹ̀ fi mọ́,
ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti lọ tipẹ́.
Mo mọ̀, n ò sọ.
Abẹ́rẹ́ mi ò dé ibẹ̀.

“Orí tí ò ń wọ̀n yẹn,” ó bi mí, bó ti ń da kọfí,
“ṣé ó máa ń sùn?”
“Omi ṣúgà ni, Bàbá.”
“Ọmọdé ni àbí àgbà?”
Àgbà ni. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni wọ́n fi ṣe àwòṣe rẹ̀.
Ó mirí. Ó sọ kóró ṣúgà kan sínú ife mi, kò bi mí.

Pihla ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
abẹ́ ìrọ̀rí ni fóònù tirẹ̀ ń sùn.
Mo mọ nọ́ńbà fóònù yẹn. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n.
Síbẹ̀, lálaalẹ́, mo máa ń yọ́ wọlé
bí olè nínú ilé ara mi,
n ó fà á jáde, n ó gbé e lọ sórí tábìlì tó jìnnà.
Ẹ má bi mí nítorí kí ni.

Mo mú fóònù mi nínú agolo, òórùn kọfí ti mọ́ ọn lára.
Armas dúró lójú fèrèsé, ó ń ka ìṣísẹ̀ mi.
Mo rìn títí dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́rí,
níbi tí kò ti lè rí mi mọ́,
mo tàn án.
Ó gbọ̀n lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Mo gbé e sí etí. Ó tutù bí irin,
ó wá ń gbóná bọ̀ díẹ̀díẹ̀.
“Mọ́mì, níbo lẹ wà látàárọ̀?”