Ilé Alátẹ̀gùn Mẹ́tàlá

Wọ́n ní kí n sọ ìtàn ilé yìí ní ṣókí,
àwọn ará ìjọba fẹ́ kọ ọ́ sára pátákó.
Ṣókí wo? Èmi tí mo ti ń fi ìdí wọ́ lórí àtẹ̀gùn rẹ̀
kí n tó mọ ení, èjì kà.
Mẹ́tàlá ni. Ìkẹsàn-án máa ń ké
bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lọ́wọ́.

Fátúrótì, bàbá àgbà wa, aṣọ ló ń tà.
Ó ru kíjìpá láti Iléṣà dé Àkókó,
ó ń tà á láwìn fún olóko kòkó.
Bí ọjọ́ bá pé, á ká ṣòkòtò dé orúnkún,
á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè.
"Mi ò jókòó, mi ò sì lọ."
Oòrùn á là, oòrùn á wọ̀,
títí ìyàwó onílé á fi tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀.
Orí ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ilé yìí.

Ọmọ Àgùdà kan láti Èkó ló gbẹ́ ojú fèrèsé.
Ó gbẹ́ òdòdó tí a kò rí irú rẹ̀ rí.
Ó ní ìyá òun ló júwe rẹ̀,
òun náà kò rí i rí.
Ọkọ̀ ojú irin kò dé ọ̀dọ̀ wa,
Òṣogbo ló já páànù sí,
ọrùn èèyàn ló gbé e dé Òkè-Ẹ̀ṣà.

Lọ́dún tó kọjá, Múfú birikilà ń ha ẹfun
lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀.
Ó pè mí: "Ẹ wá wo nǹkan."
Èédú. Bàbá kò mọ̀wé, àwòrán ló fi kọ gbèsè:
adìyẹ kan, ilà mẹ́rin;
ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ kan, ilà mẹ́sàn-án;
òbìrìkítí dúró fún pọ́n-ùn.
Ẹni tó bá san, Bàbá á fa ìlà kọjá lórí rẹ̀.
Gbogbo wọn ló ti san.

Àfi ìkòkò omi kan nísàlẹ̀ pátápátá,
òbìrìkítí méjìlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
kò sí ìlà tó kọjá lórí rẹ̀.

Ìyá Oníkòkò. Ọ̀ṣúnbùnmi, ìyá bàbá mi,
tó fi oyún oṣù méje pọn omi Àdètí
tí wọ́n fi pò amọ̀ ògiri yìí,
tí kò ní àga nínú fọ́tò ilé.
Owó rẹ̀ ló ra ìṣó. Bóyá páànù náà ni.
Kì í ṣe pé wọ́n jẹ Bàbá,
òun ló jẹ ẹ́,
kò sì sí ẹni tó bá a lóṣòó tì í.

Mo sọ èyí fún akọ̀wé tó mú páálí dání.
Ó ní pátákó kò gba ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó yẹn,
orúkọ kan, ọdún kan, ó tó.

Mo ká ṣòkòtò mi.
Ó ti tó wákàtí kan báyìí.
Orúnkún ń dùn mí, páànù ti ń gbóná,
akọ̀wé ń wo aago.