Ọjọ́rú Nínú Ọkọ̀ Àsàbí

Kí ìmọ́lẹ̀ tó mọ́ dé ìhà Àpápá, mo ti wà nídìí póòǹpù.
Mo máa ń kà á dé àádọ́rin kí ikùn ọkọ̀ tó gbẹ,
lásìkò òjò, ọgọ́fà.
Ọ̀gá Sẹ́tónjí, ọmọ Àgbádárìgì, a máa rẹ́rìn-ín:
"Nígbà èwe Àsàbí, ó jó lórí òkun,
ogbó dé, ó wá ń jò.
Àmì ohùn kan péré ló yà wọ́n."

Pẹ̀dúrò ń fi òwú àti ọ̀dà dí ojú pákó,
ó ń bá igi wí bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ wí.
Sàlámì ń ro ẹ̀kọ mímu nínú yàrá ìdáná
tó ti forí gbá àjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí.
Òjúoró ti tún wọ́ jọ sí ìhà wa lóru.
Wọ́n ní òun ní í lékè omi;
ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fi ọ̀pá tì í kúrò lẹ́bàá ọkọ̀ rí.

Aago mẹ́sàn-án, àwọn ọmọ iléèwé dé láti Òkè-Pópó.
"Níbo ni ẹ́ńjìnnì wà?"
Mo nawọ́ sókè. Wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.
Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń ta kókó
tó lè di ọkọ̀ mú, tí ọmọdé sì lè tú.
Lẹ́yìn náà a fa ìgbòkun,
ọmọ méjìlélógún lẹ́yìn okùn kan ṣoṣo,
aṣọ tó kún fún àbùlẹ̀ bí ẹ̀wù oko.

Àfi Bísóyè, tí kò gun àkàsọ̀.
Ó jókòó sórí irin wáàfù, ó kẹ̀yìn sí ọ̀sà.
Tíṣà rẹ̀ sọ ọ́ sí mi létí:
bàbá rẹ̀ lọ dẹ àwọ̀n,
ọkọ̀ nìkan ló padà.

N kò mọ ohun tí à ń sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.
Mo ju etí okùn kan sí i:
"Bá wa dì í mú, kí ọkọ̀ má baà sá lọ."
Okùn mẹ́rin, tó nípọn bí apá Pẹ̀dúrò, ló so Àsàbí mọ́lẹ̀.
Tirẹ̀ kò so nǹkan kan.
Wákàtí méjì gbáko ló fi dì í mú.
Nígbà tí afẹ́fẹ́ kó sínú ìgbòkun, tí ọkọ̀ mì,
tí pákó ké, tí àwọn ọmọ yòókù figbe ta,
mo rí i: ó fẹsẹ̀ méjèèjì ti ilẹ̀,
ó fà.

Ìgbà tí wọ́n ń lọ, okùn ti kọ ilà sí i ní àtẹ́lẹwọ́.
Ó bi mí léèrè:
"Lálẹ́ ńkọ́? Ta ní ń dì í mú?"

Ọjọ́bọ̀ lónìí. Mo fa omi dé ọgọ́rin.
Okùn tí kò so nǹkan kan ṣì wà lórí wáàfù,
n kò ká a.
Nísàlẹ̀, Sàlámì tún ti forí gbá àjà.