Lẹ́tà Kan Tó Tó Ilẹ̀kùn

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi fa eruku ṣọ́ọ̀kì símú
nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn Ìpara Rẹ́mọ
kí n tó mọ̀ pé mo jẹ Kóyèjọ ní gbèsè.

Kóyèjọ ọmọ Òdúǹsì, bẹ́ǹṣì ìkẹyìn ni tiẹ̀,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kò ní pákó mọ́.
Bí mo bá ní, "Ka ohun tó wà lójú pátákó,"
a dìde, a wo àjà,
a wá sọ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ti sọ tán.
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a bú sẹ́rìn-ín.
Èmi ní pàṣán nígbà náà. N kò ní parọ́: mo lò ó.
Mo kọ "Kò fọkàn sẹ́kọ̀ọ́" sínú káàdì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta,
mo fi bírò pupa fàlà sí i nídìí.

Ìyá-ìyá rẹ̀ tó ń ṣòwò obì wá bá mi lọ́jọ́ kan.
Ó ní, "Tíṣà, ọmọ yìí ò gọ̀ o.
Bí a bá da obì sílẹ̀ lálẹ́ tí iná ò sí,
òun ní í fọwọ́ ṣà á,
gbànja lọ́tọ̀, àbàtà lọ́tọ̀,
èyí tí kòkòrò ti wọ̀, yóò jù ú sẹ́yìn.
Kò tíì ṣì í rí."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, wọn ò kúkú kọ lẹ́tà sára obì."

Ìgbà ọyẹ́ ni ọkọ̀ kan já páálí sílẹ̀ fún wa:
tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́fà fún ọmọ mẹ́tàlélógójì,
àti sólà kan tí wọ́n kàn mọ́ òrùlé.
Mo tì wọ́n mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ méjì.
Ẹ̀rù ló bà mí. Kì í ṣe torí kí wọ́n má baà fọ́,
torí kí àwọn ọmọ má baà mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n tàn.
Adétòún, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló kọ́ mi:
"Àǹtí, ẹ di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú díẹ̀. Ẹ má gbá a."

Ọmọ méje sí gíláàsì kan, ibì kan mẹ́jọ,
orí lórí orí bí adìẹ lórí àgbàdo.
Àwòrán ọ̀pọ̀lọ́ kan, ìlà mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀.
Ó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi kan Kóyèjọ.
Ó gbé e sún mọ́ imú bí ẹni fẹ́ gbóòórùn rẹ̀.
Lẹ́yìn náà, ìka méjì,
ìka tó ń ṣa obì nínú òkùnkùn,
ó gbé wọn lé gíláàsì, ó yà wọ́n.
Lẹ́tà wú.
Ó tún yà wọ́n.
"Gb" kan ṣoṣo gba gbogbo ojú ẹ̀rọ,
ikùn rẹ̀ rí róbótó bí ikùn agbè.
Kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ.
Ó wá ń kà á, díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń bó èèpo:
"Ọ̀-pọ̀-lọ́... ń gbé... inú... à-bà-tà."
Kíláàsì dákẹ́. Mo gbọ́ ewúrẹ́ kan lóde.
"Àǹtí, àbàtà! Bí obì ilé wa!"

Mo jáde bí ẹni fẹ́ fun ikun.
Káàdì mẹ́ta. Bírò pupa.
Ojú ló ń dun ọmọ,
èmi tí mo wọ awò sójú ni n kò rí i.

Ẹ má bi mí bóyá ẹ̀rọ sàn ju olùkọ́ lọ.
N kò mọ̀. Ó kàn gbà kí ọmọ sọ ọ̀rọ̀ di ńlá
bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ,
kò sì bú u.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kùrukùru ọyẹ́ bo oòrùn,
sólà ò rí nǹkan kan jẹ,
gíláàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kú mọ́ wa lọ́wọ́.
Àwọn ọmọ ń wò mí.
Mo mú odindi ṣọ́ọ̀kì kan, mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé,
láti òkè pátákó dé ìsàlẹ̀,
lẹ́tà kan tó tó ilẹ̀kùn.
Kóyèjọ ti ń jókòó níwájú nígbà náà.
"Kí nìyí?"
Ó dìde.
Kò wo àjà.