Ẹsẹ̀ Lójú Ìyá Àgbà

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún mi, ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é.
Wọ́n ní, "Tọ́ ọ wò ná. Bó bá dùn, kó o wá sanwó."
Mo ní ó dáa. Ọlọ́jà gidi ní í jẹ́ ká tọ́ ẹ̀pà wò.
Ilẹ̀ ọjọ́ kẹsàn-án kò tíì ṣú
tí ẹ̀rọ náà fi yí ojú padà sí mi,
ó tẹ ọ̀rọ̀ kan, aláwọ̀ eérú, gàdàgbà,
láti iwájú orí dé àgbọ̀n
ìyá Ṣerafínì tí a ó sin lọ́la:
ESSAI.

Múfútáù ọmọ iṣẹ́ mi, tó fi iléèwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta,
kà á sókè bó ṣe mọ̀ ọ́n kà: "Ẹsẹ̀."
Ó ní, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ta nìyí lójú ìyá àgbà?"

Mo pe ilé-iṣẹ́ wọn.
Ohùn kan, tútù bí omi inú àmù, ní kí n tẹ ọ̀kan.
Mo tẹ ọ̀kan. Ó ní kí n tẹ mẹ́rin.
Mo tẹ mẹ́rin. Ó ní kí n dúró, ìpè mi ṣe pàtàkì,
ó sì fi dùùrù sí mi létí.
Dùùrù ń lọ, owó ìpè mi ń lọ.
Dùùrù kò tán. Owó tán.
Mo rán Múfútáù lọ ra ẹgbẹ̀rún sẹ́fà sí i
nítòsí Àkàbà Ìdẹ̀nà,
ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi amọ̀ mọ nítorí ogun.
Oníbodè ibẹ̀, láyé àwọn baba wa, ènìyàn ni:
o kí i, ó dá ọ lóhùn;
bó tilẹ̀ máa lé ọ,
yóò kọ́kọ́ wò ọ́ lójú.

Nígbà tó yá, ènìyàn bọ́ sórí ìlà.
Ẹlódì ni òun, láti Kútọnu,
tàbí láti ibi tó jìn ju Kútọnu lọ.
"Ṣé ẹ ti pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn?"
Mo ti pa á, mo ti tàn án.
Iná ìjọba gan-an ti bá mi pa á lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀.
"Nọ́ńbà wo ló wà lábẹ́ páálí rẹ̀?"
Kò ní páálí. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin lẹ ní ọ̀fẹ́ ni.
"Áà. Ẹni tó ń tọ́ ọ wò kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànwọ́.
Ẹ kọ́kọ́ rà á, a ó wá bá yín wo
ohun tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ fẹ́ rà á."
Mo tún un sọ nínú lẹ́ẹ̀mẹta,
bí ẹni ń wá ibi tí òwú ti ta kókó.
Ìbéèrè àtijọ́ kan wà ní Kétu: ta ní í tọ́ iké?
Mo bi Ẹlódì. Kò yé e.
Ó ka nọ́ńbà ẹjọ́ mi fún mi, nọ́ńbà gígùn bí ọ̀nà oko,
ó ní ó dàárọ̀.

Mo fi funfun bo ọ̀rọ̀ náà, ó tún yọ.
Mo gé e, etí ìyá bá a lọ.
Mo tẹ ọgọ́rin ẹ̀dà bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ṣerafínì dé,
eruku ọ̀nà Ìpóbẹ̀ pọ́n lórí gèlè rẹ̀.
Kò mọ̀wé. Ó fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà náà
lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ.
"Kí ni wọ́n kọ síbí?"
Múfútáù wò mí. Mo wolẹ̀.
Mo ní, "Wọ́n ní kí ìyá ó sùn re."
Ó bú sẹ́kún, ó dúpẹ́,
ó ka owó pé,
ó fi igba sẹ́fà lé e, ó ní kí n fi ra omi.

Lóru, fóònù mi tàn.
Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá inú mi dùn sí ìrànwọ́ wọn:
kí n fún wọn ní ìràwọ̀, láti orí ọ̀kan dé márùn-ún.
N kò tíì dá wọn lóhùn.
Ọ̀kan nínú ìwé náà ṣì wà lára ògiri ilé Ṣerafínì.
Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà lọ sílé báyìí.